Ilà Èédú

Ogójì ìkòkò la kó sínú iná lọ́jọ́ Àlàmísì,
mọ́kànlá ló fọ́.
Ẹ̀ bá gbọ́ ìró wọn lábẹ́ koríko tó ń jó:
pàà, ó dákẹ́, pàà,
bí ẹni ń fìbínú pa ẹ̀kùrọ́.

Wọ́n ní ojú Hàwáwù ni.
Ó kọjá létí iná, kò kí wa, ilẹ̀ ló ń wò.
Mo mọ Hàwáwù. Ọmọ rẹ̀ ni ara rẹ̀ kò yá,
ọ̀nà ọsibítù ló ń sáré lọ.

Ilé Dàda ni wọ́n bí mi sí, l'Òkèlélé,
kí n tó mọ orúkọ ara mi ni mo ti ń po amọ̀.
Lọ́dún náà mo mú èédú, mo kọjú sí ògiri yàrá:
ilà gbọọrọ fún ìkòkò tó bá jáde láìlábùkù,
ilà wíwọ́ fún èyí tó bá fọ́.
Mo sàmì sí ọjọ́ òjò, mo sàmì sí kòtò tí a ti wa amọ̀,
mo sàmì sí ẹni tó kọjá, Hàwáwù pẹ̀lú.
Ọkọ mi ní, "Ṣé ilé kéú lo sọ ògiri wa dà ni?"

Nígbà tó pé oṣù méje, mo jókòó, mo ka ògiri.
Hàwáwù kọjá lẹ́ẹ̀mẹfà, ìkòkò kò mọ̀.
Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti rọ̀ lánàá,
tí a sì ń kánjú nítorí oníbàárà Ọjà Ọba,
ilà wíwọ́ á tò bí ìjàlọ.

Mo ní kí wọ́n yọ tèmi kúrò nínú iná àjọsun.
Ariwo ta. "Ìwọ nìkan? Ṣé o gbọ́n ju ìyá rẹ lọ ni?"
Ìyá mi kọ́ mi bí a ti ń mọ ìkòkò,
kò sọ fún mi rí pé kí n má bi ìkòkò léèrè ọ̀rọ̀.
Mo ń kírun, kò sẹ́ni tó lè ní n kì í kírun,
ṣùgbọ́n bí mo bá ṣe àmín tán,
mo máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìdí ìkòkò.
Bó bá ṣì tutù, a jẹ́ pé kò tíì yá.

Ọjọ́ méje nínú ibòji, ọjọ́ mẹ́ta nínú oòrùn.
Èmi ni mo dá ọjọ́, èmi ni mo ra igi,
bó bá bàjẹ́, kò sí ẹni tí n ó tọ́ka sí.
Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. N kò sùn.

Ogún ni mo sun.
Méjìdínlógún dún bí agogo nígbà tí mo fìka kàn wọ́n.
Hàwáwù ló bá mi wọ́n omi èèpo igbá sí wọn lára,
èéfín bo àwa méjèèjì.
Méjì fọ́.
Òjò kò rọ̀, amọ̀ gbẹ, n kò kánjú.
N kò mọ ohun tó fà á.
Mo wọlé, mo ń wá èédú.