Ẹyẹ Tí Kò Lórúkọ Lẹ́nu Mi

Ọyẹ́ ti ká ẹní rẹ̀ kúrò lórí ọ̀sà Àjàṣẹ́.
Láàárọ̀ yìí mo rí òdìkejì gedegbe,
mo rí igi àgbọn mẹ́rin tí wọ́n fẹ̀yìn tira wọn
bí àwọn tó ń retí ọkọ̀.

Orí ọkọ̀ Àgọ̀sú tó ti jò, tó dojú dé, ni mo jókòó sí,
kayé ẹ̀gbọ́n mi lórí itan.
Mọnsúrù, aṣọ́bodè tó ti fẹ̀yìn tì,
ọdún mọ́kànlá ló fi ń ka ẹyẹ
bí ẹni ń ka ẹrù oníṣòwò.
Ní báyìí ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ó ní kí n máa bá òun wò ó.
Ó ní: “Má kọ ohun tó o rò. Kọ ohun tó o rí.”

Ohun tí mo rí:
lékeléke méjìdínlógún lórí òjúoró,
wọ́n ń tẹ ewé náà jẹ́jẹ́ bí ẹni tó wọ ilé àna.
Ẹ̀gà nínú esùsú, ariwo wọn ju iye wọn lọ.
Akàn kan tó yọjú, tó wò mí,
tó padà sínú ihò lọ ròyìn mi fún ará ilé.
Ẹja kan ta sókè. N kò mọ irú èyí; mo kọ “ẹja”.

Lẹ́yìn náà, ẹyẹ kékeré yẹn,
ẹ̀yìn aláwọ̀ ẹrẹ̀, àyà funfun,
tí kì í dúró kí ìdí rẹ̀ má mì.
Mo bi Àgọ̀sú; ó pè é ní Ègùn, ahọ́n mi kò gbé e.
Ajùdí ni ẹ̀gbọ́n mi ń kọ.
Ajùdí, mẹ́fà. Ajùdí, mẹ́sàn-án.
Tó bá ti di àkọ́rọ̀ òjò: Ajùdí, òfo.

Wọ́n ní ilẹ̀ kan wà lókè réré
níbi tí omi ti ń le bí òkúta,
pé oṣù yìí gan-an ló ń yọ́,
ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ yé ẹyin.
Ẹyẹ tí kò kún ọwọ́ ọmọdé!
Bí ọdún tiwa ṣe ń tutù ni tiwọn ń móoru.

Lọ́sàn-án, ìhà Sèmè ṣú.
Atẹ́gùn ló kọ́kọ́ dé, tòun ti òórùn ẹrẹ̀;
àwọn ọmọ Safúrátù sáré kó ẹja tí wọ́n sá.
Ẹ̀kán kan bọ́ sórí kayé, ó sọ “mẹ́ta” di àbàwọ́n.
Omi bá dà.
Àwọn kọ̀ǹkọ̀ tí mo rò pé ẹrẹ̀ gbígbẹ ti sin
dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà,
bí ẹni tí a ti ń pè látìgbà ọyẹ́.

N kò sá. Mo bo kayé mọ́ àyà.
Ajùdí kan ṣoṣo ló kù létí omi,
òjò ń lù ú, ó ń mi ìdí.
Nígbà tó fò, kò ga; orí omi gan-an ló gbà,
ó gba abẹ́ afárá kọjá.

Lálẹ́, ẹ̀gbọ́n mi béèrè: “Mélòó?”
Mo ní ọ̀kan.
“Ó lọ ni, àbí ó wà?”
Mo wo ojú ewé tó ti rin gbindin.
Mo ní: “Nígbà tí mo rí i kẹ́yìn, ó ń fò.”
Ó ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.