Ohun Tí Páìpù Gbé Mì

"Mai gyara" ni wọ́n ń pè mí ní Samaru,
bí ẹni pé ìyá mi nílùú Ìlá kò sọ mí lórúkọ.

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ náà,
sípánà tutù wọ eegun ìka mi.
Yàrá kejìlélógún: omi dúró nínú síǹkì,
kò lọ, kò bọ̀,
ìndómì àná léfòó, ó ń wò mí.

Mo tú ọrùn páìpù.
Irun orí jáde. Ìrẹsì jáde. Yẹtí kan ṣoṣo.
Lẹ́yìn náà, káàdì ìdánwò
tí ẹnìkan fọwọ́ ká wẹ́wẹ́.
Mo nù ún mọ́ orúnkún ṣòkòtò mi:
àwòrán ọmọ náà ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Ladidi dúró lẹ́nu ọ̀nà.
"Ọmọ mi, ohun tó sọnù rèé."
Ó kọjú sí ògiri.
"Baba, kò sọnù."

Mo dákẹ́.
Páìpù kì í jalè,
ohun tí a bá fi sí i lẹ́nu ló ń mì.
Kí ni kí n wí? N kò ka ju ìwé mẹ́fà lọ.

Mo ní, "Wá bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú."
Ó kúnlẹ̀ sínú omi ìdọ̀tí náà,
ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, iná ń gbọ̀n,
títí mo fi lọ́ nọ́ọ̀tì ìkẹyìn le.
"Ṣí i."
Omi yí po lẹ́ẹ̀kan, ó dún gbọ́ọ̀, ó lọ.

Mo fi káàdì náà sójú fèrèsé,
mo gbé sípánà kékeré lé e
kí atẹ́gùn má baà gbé e.
Tó bá di ọjọ́ Ajé, n óò padà wá gba sípánà mi.