Níbo Ni Táyé Wà?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni.
Àgbàdo kì í tíì yọmọ nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà
tí àwọn oníléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n fi pa á bí ẹni pa fìtílà,
tí wọ́n gbé àwọn ọkùnrin tó ń fi ọ̀pá ti bọ́ọ̀lù lórí tábìlì
sí ipò rẹ̀.

Grimsby la wà nígbà náà,
nínú ilé tó fara ti ilé bí èrò tó tò sórí ìlà,
òórùn ẹja ń bá atẹ́gùn òkun wọlé láìkanlẹ̀kùn.
Bàámi ń gé ẹja létí èbúté,
Màámi ń tọ́jú àwọn arúgbó títí ilẹ̀ fi ń mọ́.
Bó bá ti di Sátidé, aago márùn-ún àbọ̀,
èmi àti Ọlálérè la nilé.

Tẹlifíṣọ̀n wa, owó ló ń jẹ.
Ihò kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń gbé àádọ́ta pẹ́ńsì mì.
Bó bá yó, á lajú;
bébi bá dé, á dijú,
kò ní bi yín pé ibo lẹ bá a dé.

Obìnrin kan wà nínú eré náà tí idà rẹ̀ ń kọ yànràn.
Mo ti mọ̀ báyìí pé páànù ni.
Orúkọ tí wọ́n ń pè é, Kíńdà ni, tàbí Kẹ́ńdì.
Etí wa gbọ́ Kẹ́hìndé.
Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ gbé ọmọ ọdún méje àti mẹ́sàn-án
sí ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti lè pe orúkọ wọn tán,
kí ẹ wá wò ó bóyá etí wọn kò ní máa wá ilé kiri.

Kẹ́hìndé ń gun òkè díńgí,
Kẹ́hìndé ń bá ejò abìyẹ́ jà.
Okùn tó gbé ejò náà rọ̀ hàn gbangba,
a ṣe bí ẹni tí kò rí i.
Ohun tó ń jẹ wá lọ́kàn kì í ṣe ejò.
"Níbo ni Táyé wà?" ni Ọlálérè ń bi ojú tẹlifíṣọ̀n.
Ẹni tó rán lọ tọ́ ayé wò,
ṣé kò padà wá jábọ̀ ni?

Sátidé kẹfà. Òjò ń lu fèrèsé.
Kẹ́hìndé dórí òkè, ó bá ilẹ̀kùn,
ó gbọ́wọ́ lé e,
ohun kan ń mí lódìkejì—
owó tán.

A tú àpò ẹ̀wù Bàámi, a bá ìpẹ́ ẹja àti bọ́tìnnì.
A gbọn àga, a nawọ́ sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì,
pẹ́ńsì méje ló jáde.
Mo sunkún débi pé Ìyáàfin Bẹ́rílì
fi igi ìgbálẹ̀ kan ògiri láti ilé kejì.

Lóru ọjọ́ náà, lábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì,
Ọlálérè ṣílẹ̀kùn náà fún mi.
Ó ní Táyé ló wà níbẹ̀,
ó jókòó sórí àpótí, ó ń jẹ ẹ̀wà.
Táyé gbójú sókè, ó ní, "O mà pẹ́ o.
Ayé dùn, ṣùgbọ́n ó tutù. Gba kóòtù."

Lọ́dún tó kọjá, lórí tábìlì ọjà àlòkù ní Cleethorpes,
mo bá gbogbo rẹ̀ nínú páálí kan, pọ́n-ùn méjì.
Mo dá nìkan wò ó, láìjẹun.
Ó dórí òkè. Ó gbọ́wọ́ lé ilẹ̀kùn.
Àwòrán dúró gbagidi,
orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gun ojú rẹ̀ lọ.
Wọn kò ṣí i.
Kò sẹ́ni tó ya ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Mo pe Ọlálérè ní Aberdeen.
"Kí lò ń sọ?" ló wí. "Ilẹ̀kùn ṣí.
Ojú mi báyìí ló ṣe.
Kóòtù aláwọ̀ ewé ni Táyé gbé fún un."

N kò bá a jiyàn.
Mo bi í bóyá ẹ̀wà náà gbóná.
Ó dákẹ́ díẹ̀.
Ó ní ó gbóná.