Ọkọ̀ Eérú

Àbúrò mi Olátúbọ̀sún fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ láti Ẹ̀pẹ́,
ojú ìwé kan ṣoṣo, ó fi fóònù yà á:
ọkọ̀ onígbòkun kékeré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dàgbà tó mi,
òyìnbó tó ni ín ti padà sílé, ó fi í sílẹ̀ fún koríko.
"Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin lẹ mọ ìwọ̀n. Ṣé kí n rà á?"

Òṣogbo ni mo wà, ní Òkè-Fíà,
níbi tí a ti ń gbọ́ ìròyìn òkun lẹ́nu àwọn tó ti ibẹ̀ bọ̀.
Ọdún méjìlélógún ni mo fi wọn irin nílé-iṣẹ́,
n kò wọ ohun tó ń léfòó rí
àfi ọpọ́n ìfọṣọ ìyá mi, lọ́dún tí odò kún wọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Mo ní kí wọ́n kó eérú wá láti ìdí àdìrò.
Mo na tépù sílẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kànga.
Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlélógún ni gígùn rẹ̀:
orí rẹ̀ kan igi máńgòrò,
ìdí rẹ̀ wà lábẹ́ okùn tí a ń sá aṣọ sí.
Fífẹ̀ rẹ̀ kò pé mẹ́jọ.
Mo da eérú yí i ká, ó rí bí ewé obì tó bọ́ sílẹ̀.
Adìyẹ kan gba inú rẹ̀ kọjá, kò mọ̀ pé òun ti wọkọ̀.

Àwọn ọmọ dùbúlẹ̀ síbi tí ìwé pè ní ibùsùn mẹ́rin.
Mẹ́rin ni lóòótọ́, bí mẹ́ta bá jẹ́ ọmọdé
tí ẹnì kẹrin kò sì lẹ́sẹ̀.
Àwẹ̀ró ìyàwó mi dúró sílé ìdáná, ìṣísẹ̀ kan, ó tán.
"Omi rẹ̀ ńkọ́?" Àádọ́ta lítà.
"Kẹ́ẹ̀gì méjì! Ta ni yóò wẹ̀, ta ni yóò sebẹ̀?"
Ó sọdá eérú, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àjà rẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ márùn-ún lé díẹ̀.
Mo ga tó mẹ́fà. Ọkọ̀ yìí yóò máa gba ìdọ̀bálẹ̀ lọ́wọ́ mi,
èmi àgbà, ní àràárọ̀.
Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára ẹṣin mẹ́jọ;
ìwé kò sọ iye tó ṣì lè dìde nínú wọn.

Ṣùgbọ́n mo dé ibi ìwọ̀n, mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún.
Gbogbo rẹ̀, ẹgbàá kílò.
Òjé abẹ́ rẹ̀ nìkan, ẹgbẹ̀rin.
Ìdá méjì nínú márùn-ún!
Ẹni tó ya ọkọ̀ yìí bẹ̀rù Ọlọ́run.
Ó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ yóò tì í,
ó wá fún un ní ìdí ìyá àgbà lórí àpótí:
ẹ tì í títí, yóò padà jókòó.
Èmi nìkan ń rẹ́rìn-ín lágbàlá.
Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ilé-iṣẹ́ pa,
kò sí iye tó dùn mọ́ mi tó báyìí.

Ẹsẹ̀ mẹ́ta àbọ̀ ló ń rì sínú omi.
Ọ̀ṣun wa lẹ́ẹ̀rùn kò lè bo orúnkún rẹ̀.

Ìwé kọ ọ́ pé nọ́ọ̀tì gígùn mẹ́sàn-án ló di òjé mọ́ ọkọ̀.
Kò kọ ẹni tó tú wọn wò kẹ́yìn.
Mo mọ irin. Irin a máa dán lórí
kí ó sì ti tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ nínú ihò rẹ̀.
Ìyíọlá tí a jọ ṣiṣẹ́,
nọ́ọ̀tì kan péré ló gba ìka méjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo pe Ẹ̀pẹ́. "Má sanwó.
Wá ẹni tí yóò tú ọ̀kan, èyí tó wà láàárín, tí omi ń dárogún sí.
Gbé e sórí aṣọ funfun, kí o yà á fún mi."
Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, nítorí nọ́ọ̀tì kan?"
Mo ní nítorí nọ́ọ̀tì kan.

Òjò dé lálẹ́, n kò tí ì gbọ́ èsì.
Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo ń wò ó bó ṣe ń tú:
orí rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ibùsùn àwọn ọmọ,
ó gba gọ́tà, ó gba odò, ó kọrí sí ọ̀sà,
láìní òjé, láìní nọ́ọ̀tì kankan.
Yóò dé Ẹ̀pẹ́ kí n tó dé.