Yàrá Tí Kò Gùn Tó Ènìyàn

Ẹ má pè é ní ilé níwájú ìyá mi àgbà.
Ó ní ahéré ni, ahéré ìwọ̀fà,
ògiri amọ̀ mẹ́rin lẹ́yìn àká Ọ̀jẹ́dòkun,
ní abà kan láàárín Ìgbàjà àti Òkè-Òde,
níbi tí òkúta ti pọ̀ ju erùpẹ̀ lọ.

Ọ̀kẹ́ méjì owó ẹyọ ni wọ́n fi sin òkú baba Abíọ́nà.
Òkú wọlẹ̀ lọ́jọ́ kan.
Gbèsè ò wọlẹ̀.
Ni wọ́n bá mú ọmọ lọ fi dúró.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí yàrá náà ṣe rí.
Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ò ga, àfi kéèyàn bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń kí ọba.
Kí ló fà á? Ewúrẹ́ ni wọ́n kọ́ ọ fún.
Bẹẹrẹ orí rẹ̀ ti gbó, ó ń jò níbi mẹ́ta;
ibi kẹta, Abíọ́nà gbé ìkòkò sí i,
ó ní omi mímu lòun ń pọn.
Kò sí fèrèsé.
Fìtílà òrí kan, bí ọwọ́ olówó bá dẹ̀.
Ẹní kan. Ọkọ́ kan, tí kì í ṣe tirẹ̀.
Yàrá ọ̀hún ò sì gùn tó o.
Bó bá dùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ a yọ síta,
láti ọrùn ẹsẹ̀ títí dé ọmọ ìka.

Nítorí náà ẹsẹ̀ ló ń kọ́kọ́ jí.
Ẹsẹ̀ ló ń mọ̀ pé ìrì ti sẹ̀,
pé ọyẹ́ ti dé láti òkè Ọya.
Ajá olówó a máa wá lá a.
Kí àkùkọ tó kọ, ó ti wà lóko:
igba ebè kí oòrùn tó kan àtàrí,
igba, kì í ṣe igba dín kan,
Ọ̀jẹ́dòkun a máa fi ọ̀pá kà á.
Ọ̀sán ni tirẹ̀, kó máa kọ ebè ara rẹ̀,
bí apá bá ṣì kù lára rẹ̀.

Ẹ gbọ́ eléyìí o: iṣẹ́ ò dín owó kù.
Èlé ni òógùn.
Ọ̀kẹ́ méjì jókòó jẹ́ẹ́ níbi tó wà,
kò tilẹ̀ rù.

Ọdún mọ́kànlá.
Ìyáníwúrà, àbúrò rẹ̀, ń hun kíjìpá ní Ìsánlú-Ìsin,
ó ń ta á, ó ń ri owó mọ́ abẹ́ ààrò.
Bí wọ́n bá bi í nígbà wo ni yóò lọ́kọ,
a ní kí òun parí aṣọ tó wà lọ́wọ́.
Ọjọ́ tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ru ọ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan dé abà,
Ọ̀jẹ́dòkun kà á láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.
Ó ku mẹ́tàdínlógún.
Wọ́n tún un kà. Ó pé.

Abíọ́nà kọ́lé. Yàrá rẹ̀ gùn débi pé
àwọn aládùúgbò ń bi í bóyá ẹṣin ló fẹ́ so síbẹ̀.
Ó rẹ́rìn-ín.
Nígbà tílẹ̀ ṣú, ó tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà,
ó na ẹsẹ̀ síta.
Bẹ́ẹ̀ ló ń sùn títí ó fi kú.

Lọ́dún tó kọjá mo dé abà náà. Káṣú ti gbà á.
Ògiri kan ló kù, kò ju orúnkún mi lọ.
Mo dùbúlẹ̀ sórí ìpìlẹ̀, mo forí ti ògiri,
ọmọ tó mú mi débẹ̀ rò pé ó rẹ̀ mí.
Ẹsẹ̀ mi yọ.
Èèrà kan gun àtàǹpàkò mi,
ó dúró, ó ń wo ọ̀nà.