Àpò Méjì

Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ìyé ni mo ti fà á jáde, l'Ógìdì.
Àpò kọfí la fi wé e, okùn tí a fi ń di iṣu la fi so ó.
Funfun ni lọ́jọ́ tó wọlé wa;
ó ti pọ́n báyìí bí eyín ẹni tí ń jẹ obì sùn.
Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án.

Fóònù ni mò ń tún ṣe ní Kàbbà.
Ohun tí mo máa ń tú kì í ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.
Èyí wúwo bí àgbò.

Mo tú ìdè mẹ́rin. Ìkarùn-ún ti dípẹtà,
ó kọ̀ jálẹ̀, mo fi kẹrosíìnì bẹ̀ ẹ́ mọ́jú.
Nínú rẹ̀: ilé amọ̀ tí agbọ́n kọ́ tó kó kúrò níbẹ̀,
ẹyin ọmọ́nílé méjì, gbígbẹ,
eruku ọyẹ́ lórí eruku ọyẹ́,
hóró kọfí kan ṣoṣo. Ta ló sọ ọ́ síbẹ̀?
Bátìrì kékeré tí ń bá a ka ọjọ́ ti bẹ́,
omi ara rẹ̀ hu àwọ̀ ewé sórí bọ́ọ̀dù
bí ẹ̀yìn àmù lóṣù kẹsàn-án.

Ìyé mú ọsàn wẹ́wẹ́ wá.
Ó ní ohun tí ń fọ idẹ ni yóò fọ̀ ọ́.
Mo rò pé eré ló ń ṣe. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ra á,
ó hó ṣùù, àwọ̀ ewé ká kúrò,
ojú ọ̀nà bàbà tín-ín-rín yọ lábẹ́ rẹ̀
bí ipa ẹsẹ̀ tó gba ẹ̀yìn àpáta lọ sóko.
Mẹ́ta ti já. Mo fi wáyà tó tín-ín-rín ju irun lọ so wọ́n.
Lẹ́ẹ̀dì yọ́, èéfín sọ.
Ìyé wúkọ́: "Akọ̀wé fa tábà tó lórí nǹkan yìí,
má fi tìrẹ kún un."

Ọjọ́ mẹ́ta kò sí iná.
Alẹ́ ọjọ́ kẹrin ni wọ́n mú un wá, mo sì tẹ̀ ẹ́.
Fáànù rẹ̀ kọ́kọ́ ké bí ìlẹ̀kùn àká.
Ojú rẹ̀ dúdú, ó pẹ́ ní dúdú,
kí lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, rúsúrúsú bí epo tuntun.
Ó ní òní ni ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 1980.
Ìyé rẹ́rìn-ín. Ó ní lọ́jọ́ yẹn
òun kò tíì mọ ẹnì kan tó ń jẹ́ Akọ̀wé.

Díìsì mẹ́jọ ló wà nínú agolo bísíkíìtì. Méje fọ́jú.
Ìkẹjọ họ, ó họ bí eku inú àjà,
ó tú ìwé gbèsè ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kọfí síta:
Médùbí, àpò ajílẹ̀ mẹ́rin, ó san.
Ọbájẹmú, mẹ́fà, ó san.
Ìjàgbèmí, àpò kan, ó fi iṣu san.
Ìyé ń dá mi lóhùn lẹ́yìn èjìká:
"Ó ti lọ. Òun náà ti lọ.
Ìyẹn wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, kò ríran mọ́."
Mo ka èyí tó kàn kí n tó mọ ohun tí mò ń kà:
Dọ́kásì, aya akọ̀wé, àpò méjì. Kò tíì san.

Fáànù nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

"Ọkùnrin yìí!
Mo ń sebẹ̀ fún un, mo ń bímọ fún un,
ó lọ jókòó, ó kọ mí sínú ẹ̀rọ."

Mo ní ẹgbẹ́ ti túká, ta la ó san án fún?
Mo na ìka sí bọ́tìnì tí n ó fi pa á rẹ́.
Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ ń rùn ọsàn.
"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí mo bá débẹ̀,
ó yẹ kí n rí ohun tí n ó bá a jà sí."

Wọ́n mú iná lọ.
A jókòó sínú òkùnkùn, fáànù ń yí lọ díẹ̀díẹ̀
kó tó dákẹ́.
Ìgbà náà ni Ìyé béèrè
iye tí wọ́n ń ta àpò ajílẹ̀ báyìí.