Lẹ́tà Yànmọtí

Ọyẹ́ ti la ètè gbogbo ará Sábọ́n-Gàrí lọ́sẹ̀ náà,
eruku Kánò jókòó sórí kíbọ́ọ̀dù mi bí olówó-èlé
nígbà tí Alhaji Ɗayyabu wọlé,
tó yọ fìláṣì kékeré kan lápò babanrígá.
"Ọ̀jẹ̀wùmí, bá mi ṣí i.
Ará Báńkọ́ọ̀kì tí mo kó yànmọtí ránṣẹ́ sí ló kọ̀wé."

Mo ṣí i. Àwòrán àkùkọ wà lókè ìwé,
lábẹ́ àkùkọ:

        ä¡è

àti ojú-ìwé méjì irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀,
àmì ìyanu tó dorí kodò,
lẹ́tà tó dé fìlà tí kì í ṣe tirẹ̀.
"Àlùjànnú ló kọ èyí," ni Alhaji wí,
ó sún sẹ́yìn díẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo rí è.
È, pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ gedegbe,
bí ẹni rí ọmọ àdúgbò ẹni ní gáréèjì ìlú òkèèrè.
Ó kù díẹ̀ kí n bi í pé, ta ló mú ọ débí?

Nọ́ńbà ló mú un wá.
Ẹ̀rọ kò mọ lẹ́tà, iye ló mọ̀.
Láyé ọjọ́un, igba ìjókòó ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta
ni ẹ̀rọ ní, kò sí àfikún,
oníkálukú sì ń fi ọmọ tirẹ̀ jókòó.
Ìjókòó igba ó lé méjìlélọ́gbọ̀n:
àwọn Faransé fi è síbẹ̀.
Àwọn Tháì fi àmì ohùn kan síbẹ̀,
àmì tó ń gun orí lẹ́tà
kí ohùn lè sọ̀ kalẹ̀.
Ohùn ìsàlẹ̀! Àwọn náà!
Òun àti è tiwa ti ń pín àga kan láti ọdún mélòó,
ọ̀kan kò gbúròó èkejì rí.

Mo lọ sínú ètò, mo sọ ìlú rẹ̀ fún ẹ̀rọ.
Ojú-ìwé náà gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan.

        ไก่

Adìyẹ. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn.
Fáwẹ̀lì ló ṣáájú, bẹ́ẹ̀ ìgbẹ̀yìn la ó pè é;
bí ojú ṣe rí i ni ẹ̀rọ ṣe tò ó,
kò bi ẹnu léèrè.
Lẹ́tà onígẹ̀gẹ̀ ẹnu ẹyẹ ló tẹ̀ lé e.
Lónìí, ó ti ní nọ́ńbà tí kò bá ẹnikẹ́ni pín,
ẹgbèjìdínlógún ó dín mẹ́ẹ̀ẹ́dógún,
àmì ohùn orí rẹ̀ sì ní tirẹ̀ lọ́tọ̀,
bí ọmọ ẹ̀yìn tó ní káàdì ìdánimọ̀.
Wọn kì í fi àyè sáàárín ọ̀rọ̀ àti ọ̀rọ̀;
gbogbo wọn fún mọ́ra bí èrò Kántìn Kwárì.

"Kí ló wí?"
"Mi ò mọ̀, Alhaji. Mi ò gbọ́ èdè wọn."
"O tún un ṣe tán, o ò mọ ohun tó wí?"
"Pé ó ti pé ni mo mọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ka owó.
Rìsíìtì tó jáde fún un: ?ayyabu.
Kò tilẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ti mọ́ ọn lára,
bí ó ṣe mọ́ èmi náà lára
láti ọjọ́ tí ìwé-ẹ̀rí girama mi dé: ?j?wùmí,
tí bàbá mi fi báírò kun ojú méjèèjì,
tó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó lọ tán, mo tẹ orúkọ mi.
Mo dúró lẹ́yìn ẹ̀,
ẹ̀ tí kò ní àga kan ṣoṣo tirẹ̀ títí dòní,
tí ẹ̀rọ ń fi ẹrù di ẹrù kó tó kọ ọ́.
Mo tẹ ìparẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré.
Àmì ohùn ló kọ́kọ́ bọ́.
Ẹ ṣẹ́kù síbẹ̀, ó ń wò mí.
Mo dá àmì rẹ̀ padà fún un,
kí n tó fi pamọ́,
NEPA mú iná lọ.